Kí A Tó Gun Máṣíìnì Wọ Igbó Ìjọba, Ẹ Jẹ́ Ká Wo Ìtàn

 

Gbogbo ẹni tó wà ní ìpàdé oṣù tó kọjá ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan fa àríyànjiyàn láàrin ẹ̀ka ọ̀dọ́ àti àwọn àgbà. Àwọn ọ̀dọ́ dábàá pé nígbà tí gbogbo èèyàn bá wálé fún ọdún, ká kó ara wa jọ, ká gun máṣíìnì wọ inú igbó ìjọba tó wà lẹ́yìn odò, ká dé ibi àpáta, ká jẹun níbẹ̀, ká sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá fẹ́ lọ á san owó, owó náà á sì wọ àpò iṣẹ́ omi ẹ̀rọ tí a ti ń bá fà á láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn bàbá wa kan ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, "Ṣé ẹ fẹ́ kí ìjọba wá ti ọ̀nà oko mọ́ wa ni?" Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ nìyẹn o. Ọ̀nà kan náà yẹn ni àwọn tó ń kó kókó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sọ́jà ń gbà. Bí ó bá tì, kì í ṣe ọ̀dọ́ ni ebi máa kọ́kọ́ pa.

Alága wá ní kí ẹ̀ka ọ̀dọ́ lọ wádìí, kí a sì kọ ohun tí a bá rí síbí kí ìpàdé àpapọ̀ tó dìbò. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mò ń jẹ́ yìí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa àti níbòmíràn, kí ẹ lè fi ojú ara yín gbé e yẹ̀wò kí ẹ tó nawọ́ sókè.

Igbó yìí, ta ló ni ín?

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, torí náà ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látilé. Kí òyìnbó tó dé, kò sí igbó tí kò ní olówó. Ìdílé ló ni òmíràn, ọba ló ni òmíràn, òrìṣà ló ni òmíràn. Ọdẹ mọ ibi tí òun lè dé. Ìyá tó ń ṣẹ́gi mọ ibi tí òun ò gbọdọ̀ ti ọwọ́ bọ̀. Kò sí ìwé, ṣùgbọ́n òfin wà.

Owó ló da nǹkan rú. Ní nǹkan bí 1894 sí 1895, àwọn oníṣòwò òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ra rọ́bà igbó ní ilẹ̀ Yorùbá. Kì í ṣe rọ́bà tí èèyàn gbìn o, igi tó lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀ ni. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tó ti èbúté Èkó jáde lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn. Onílé, àlejò, gbogbo wọn ló rọ́ wọ igbó. Wọ́n ń ṣá igi láti òkè délẹ̀, wọn ò jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ san kí wọ́n tó tún ṣá a. Kí ọ̀rúndún yẹn tó parí, igi ti kú lọ rẹpẹtẹ, ọjà náà sì ti wọlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dúró lé: igbó tí gbogbo ayé ń wọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ṣọ́, kì í pẹ́ tán.

Irú nǹkan báyìí wà lára ohun tí ìjọba amúnisìn rí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pààlà igbó. Olókèméjì tó wà láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta wà lára àwọn àkọ́kọ́. 1899 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀. Ní 1903, wọ́n mú òyìnbó kan tó ń jẹ́ H. N. Thompson, tó ti ṣiṣẹ́ igbó ní Burma tẹ́lẹ̀, láti wá ṣe olórí iṣẹ́ igbó ní gúúsù Nàìjíríà. Láti ìgbà yẹn, òmíràn ń tẹ̀lé òmíràn. Igbó Ọmọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wọ ìwé ìjọba ní 1925. Nígbà tó di 1977, UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé. Erin ṣì wà nínú rẹ̀ títí dòní. Ní apá òkè lọ́hùn-ún, igbó méjì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1936 àti 1941, ọ̀kan ní òkè odò Ògùn, èkejì ní Ọ̀yọ́-Ilé, ni wọ́n pa pọ̀ di Old Oyo National Park ní 1991.

Kí n má parọ́, inú ọ̀pọ̀ ìlú ò dùn sí i. Lójijì ni ilẹ̀ tí bàbá ń ro di ilẹ̀ tí ọmọ ò gbọdọ̀ ro mọ́. Ọdẹ tó ń dẹ̀gbẹ́ níbi tí bàbá rẹ̀ ti dẹ̀gbẹ́ di arúfin. Ìbínú yẹn ò tíì tán nílẹ̀. Òun náà ló ń mú kí àwọn kan nínú wa máa sọ pé, "Ilẹ̀ wa ni, a ò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni láti gun máṣíìnì níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ wọn yé mi. Àmọ́ bí òfin ṣe wà lónìí, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń ṣàkóso irú igbó báyìí. Ẹni tó bá gé igi, tó dẹ̀gbẹ́, tó dáko tàbí tó dáná níbẹ̀ láìgba àṣẹ ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa ẹjọ́. Kì í ṣe tiwa nìkan, kì í sì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ti gbogbo wa ni, títí kan àwọn tí a ò tíì bí.

Ìlú kékeré tó ṣe irú rẹ̀ rí

Nígbà tí mo ń wádìí, mo ń wá ìlú tó dà bíi tiwa: ìlú kékeré, tí igbó ìjọba wà lẹ́yìn rẹ̀, tí owó ò sí, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ronú pé àwọn lè fi eré inú igbó pa owó wọlé. Mo rí ọ̀kan. Orúkọ rẹ̀ ni Georgetown, ó wà lórí òkè ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà.

Wúrà ló sọ Georgetown di ìlú, nígbà tí gbogbo ayé ń sáré lọ wa wúrà ní Kalifọ́níà ní nǹkan bí 1849. Ẹ mọ bí wúrà ṣe rí, kì í ṣe ohun tó ń dúró de èèyàn. Nígbà tí kò sí wúrà tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ìlú dákẹ́. Ohun tó kù lẹ́yìn wọn ni òkè àti igbó ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú ọ̀nà àtijọ́ kan tó la òkè Sierra Nevada kọjá lọ sí adágún ńlá tí wọ́n ń pè ní Tahoe. Àwọn tó ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé ló kọ́kọ́ ń rin ọ̀nà náà. Ní 1887, ìjọba ìbílẹ̀ El Dorado kéde pé ọ̀nà gbogbo èèyàn ni. Nígbà kan, hòtẹ́ẹ̀lì tilẹ̀ wà lójú ọ̀nà ọ̀hún, níbi ìsun omi kan. Nígbà tó yá, hòtẹ́ẹ̀lì ò sí mọ́, ọ̀nà di kìkì àpáta, ọkọ̀ lásán ò lè gbà á. Rubicon ni wọ́n ń pè é.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni jíìpù dé ọwọ́ aráàlú. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mark A. Smith àti àwọn ará ìlú mìíràn jókòó, wọ́n ní, "Kí ló dé tí a ò lo ọ̀nà yìí?" Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1953, jíìpù 55 gbéra láti Georgetown, èèyàn 155 ló wà nínú wọn. Wọ́n tẹ̀lé ara wọn, àwọn tó mọ ọ̀nà wà pẹ̀lú wọn, wọ́n sùn nínú igbó, wọ́n sì jáde sí apá Tahoe. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé kí àlejò lè wá sílùú, kí owó lè wọlé. Ó ti lé ní 70 ọdún báyìí, wọ́n ṣì ń ṣe ìrìnàjò náà, gbogbo ayé tó fẹ́ràn jíìpù ló sì mọ orúkọ Rubicon.

Ṣé ẹ rí i pé àlá àwọn ọ̀dọ́ wa kì í ṣe àlá were? Àmọ́ ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ìtàn náà ò parí síbẹ̀.

Ibi tó ti dàrú

Ní apá gúúsù ìpínlẹ̀ kan náà, aṣálẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Mojave. Láti 1967, wọ́n ń fi máṣíìnì sáré ìje níbẹ̀ lọ́dọọdún, láti ìlú Barstow dé Las Vegas, ó tó nǹkan bí 150 máìlì. Ọdọọdún ni èrò ń pọ̀ sí i. Nígbà tó fi máa di 1974, nǹkan bí 3,000 máṣíìnì ló jáde. Ẹ fojú inú wò ó: ẹgbẹẹgbẹ̀rún máṣíìnì tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù ń wá bí òun ṣe máa yọ sí iwájú. Kò sẹ́ni tó máa dúró sójú ọ̀nà tóóró nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Ewéko fọ́ sábẹ́ táyà, ilẹ̀ tú, ihò àwọn ẹranko kéékèèké wó. Àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilẹ̀ náà wo ohun tó kù lẹ́yìn eré, wọ́n ní àwọn ò ní fún wọn láṣẹ mọ́ ní 1975.

Kí làwọn kan ṣe? Wọ́n ní ilẹ̀ àwọn ni. Wọ́n ń lọ gùn ún lọ́dọọdún láìgba àṣẹ láti fi ẹ̀hónú hàn. Nígbà tó di 1983, ìjọba tún fún wọn láyè, pẹ̀lú òfin tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ ìgbẹ́kẹ̀lé tó ti bàjẹ́ ò rọrùn láti tún ṣe. Ìjàpá aṣálẹ̀ tó ń gbé níbẹ̀ ń dín kù, ìjọba àpapọ̀ sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹranko tó wà nínú ewu ní 1990. Lẹ́yìn ti 1989, wọn ò tún sá eré náà mọ́.

Ẹ fi ti Georgetown wé e. Jíìpù 55 tó tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà tó ti wà láti ayébáyé, ti ń gòkè lọ. Máṣíìnì 3,000 tó ń ya ọ̀nà tuntun fúnra rẹ̀ kò rí ibi tó máa gbà mọ́. Ẹ̀rọ kọ́ ló fa ìyàtọ̀. Iye èèyàn ni, àti bóyá ojú ọ̀nà kan ni wọ́n dì mú, àti bóyá ìje ni wọ́n ń sá.

Kódà kí èyí tó ṣẹlẹ̀ tán, olórí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Richard Nixon, ti fọwọ́ sí àṣẹ kan ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1972. Àṣẹ náà ní kí gbogbo àjọ tó ń ṣàkóso ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ yan ibi tí irú ọkọ̀ báyìí lè gbà àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Wọ́n gbọ́dọ̀ yàn án lọ́nà tí kò ní ba ilẹ̀, omi àti ewéko jẹ́, tí kò ní da ẹranko láàmú, tí kò sì ní dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwọn tó ń gun ọkọ̀ àti àwọn mìíràn tó ń lo ibẹ̀. Ní 1977, Jimmy Carter fi kún un pé bí ìbàjẹ́ bá ti ń pọ̀ níbì kan, kí wọ́n tì í lójú ẹsẹ̀. Àpẹẹrẹ ohun tí bàbá wa ń bẹ̀rù nìyẹn. Ìjọba lè ti ọ̀nà, kò sì nílò kó bẹ ẹnikẹ́ni.

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ọ̀nà Rubicon

Ẹ jẹ́ ká padà sí Georgetown. Bí òkìkí Rubicon ṣe ń kàn, àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú, tí wọn ò bá ẹgbẹ́ kankan rìn, bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ẹ rò pé kí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ọ̀nà náà? Ìjàǹbá ọkọ̀ ni? Àbí ariwo ẹ́ńjìnnì? Rárá o. Ìgbẹ́ èèyàn ni.

Adágún kékeré kan wà nítòsí ọ̀nà náà tó ń jẹ́ Spider Lake. Ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń sùn sí. Kò sí ṣáláńgá, ilẹ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ àpáta, kò ṣeé gbẹ́. Ìgbẹ́ pọ̀ débi pé ní 2004 wọ́n ti ibẹ̀ pa. Ní 2009, àjọ tó ń rí sí ìmọ́tótó omi kọ̀wé àṣẹ sí ìjọba ìbílẹ̀ El Dorado àti àjọ igbó ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n tún ọ̀nà náà ṣe, torí ẹrẹ̀, epo ọkọ̀ àti ìgbẹ́ ń wọ inú omi tí àwọn èèyàn nísàlẹ̀ ń lò.

Inú mi dùn sí ohun tí àwọn tó ń gun ọkọ̀ níbẹ̀ ṣe. Wọn ò jókòó máa bú ìjọba. Láti 2001 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Friends of the Rubicon, àwọn ẹgbẹ́ jíìpù oríṣiríṣi ló sì para pọ̀ síbẹ̀. Wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn gbé òkúta dí kòtò, wọ́n ń la ojú àgbàrá kí omi má baà gbá ọ̀nà lọ, wọ́n ń kó ìdọ̀tí. Wọ́n bá ìjọba ṣiṣẹ́ títí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fi wà lójú ọ̀nà. Wọ́n ń kọ́ àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n gbé àpò tí wọ́n máa yàgbẹ́ sí dání, kí wọ́n sì gbé e padà délé. Wọ́n ń gbé ohun tí wọ́n fi ń fa epo nílẹ̀ dání, kí ọkọ̀ tó bá jò má baà ba omi jẹ́. Ọ̀nà Rubicon ṣì ṣí sílẹ̀ dòní.

Àjọ igbó Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìlanilọ́yẹ̀ kan ní 1985 tí wọ́n pè ní Tread Lightly, tó túmọ̀ sí pé kí èèyàn fi ẹ̀sọ̀ tẹlẹ̀. Ní 2005, wọ́n tún ṣe òfin pé kí gbogbo igbó wọn ya àwòrán ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà. Ọ̀nà tí kò bá sí nínú àwòrán, kí ọkọ̀ má dé ibẹ̀. Ó rọrùn láti lóye: bí a bá mọ ibi tí a lè gbà, kò ní sí àríyànjiyàn lórí ibi tí a ò gbọdọ̀ gbà.

Ọ̀rọ̀ iná àti ọ̀rọ̀ ọjọ́

Èyí tó kù yìí, a ò ní lọ Amẹ́ríkà kí a tó mọ̀ ọ́n. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ní Olókèméjì pín ilẹ̀ kan sí mẹ́ta. Apá kan, wọ́n ń sun ún lọ́dọọdún nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí koríko ò tíì gbẹ tán. Apá kejì, wọ́n ń sun ún ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ fọ́nfọ́n. Apá kẹta, wọn ò jẹ́ kí iná dé ibẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Ibi tí iná ò dé ń di igbó padà. Ibi tí wọ́n ń sun ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀, igi ń dín kù níbẹ̀, koríko ló ń gbà á. Gbogbo àgbẹ̀ ìlú wa ló lè sọ èyí fún yín láìka ìwé, àmọ́ ó dára pé àwọn kan wọ̀n ọ́n.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ọjọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ dábàá bọ́ sí ìparí oṣù Kejìlá, nígbà ọyẹ́, tí koríko ti gbẹ. Sàlẹ́ńsà máṣíìnì máa ń gbóná, ẹlòmíràn á ti yọ inú rẹ̀ kúrò kó lè máa pariwo, ìyẹn sì lè máa ta iná. Sìgá ẹnì kan ṣoṣo tàbí iná tí wọ́n fi yan ẹran lè jẹ oko kókó tán kí a tó délé. Bí a bá sì sún un sí ìgbà òjò, táyà á hú ọ̀nà, ọ̀gbàrá á gba ibẹ̀, àwọn tó ń gbé kókó ò ní rí ibi tẹ̀. Nínú gbogbo oṣù, àárín oṣù Kọkànlá ló dára jù: òjò ti ń dáwọ́ dúró, ilẹ̀ ti le, koríko ṣì tutù díẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ará òkè òkun kì í tíì dé nígbà yẹn, owó tí a máa rí lè dín kù. Síbẹ̀, mo gbà pé ká jẹ́ kó dín kù.

Ọ̀rọ̀ ààbò

A ò lè fi ojú 1953 wo igbó ọdún yìí. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2020, àwọn ìpínlẹ̀ wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ nítorí ìjínigbé àti ìpànìyàn. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2021, Gómìnà Rótìmí Akérédolú ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó fún àwọn darandaran tó wà nínú igbó ìjọba ní ọjọ́ 7 péré láti jáde. Látìgbà yẹn, kò sí ẹni tó ń rí ogún máṣíìnì tó ń jáde láti inú igbó tí ọkàn rẹ̀ kì í já. Àgbẹ̀ á sá, ẹ̀ṣọ́ á gbé ìbọn. Ọ̀dọ́ tó bá rò pé àṣẹ jẹ́ ìwé lásán, kó rò ó dáadáa. Ìwé yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ìlú ni wá, pé ọjọ́ báyìí la máa wọlé, aago báyìí la máa jáde.

Ohun tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún

Látinú ìtàn yìí la ti tún àbá wa ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó dìbò.

Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó igbó ní ìpínlẹ̀, kí ẹ̀dà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, Àmọ̀tẹ́kùn àti ààfin. Bí wọn ò bá dáhùn, a ò lọ. Bí wọ́n bá sọ pé rárá, rárá náà ni. A ò ní ṣe bíi ti àwọn ará Barstow.

Èkejì, kí a lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn baálẹ̀ abúlé tó wà lójú ọ̀nà, àti àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn wà níbẹ̀, kí a kí wọn, kí a gbọ́ tẹnu wọn. Ẹni tó ń lo ọ̀nà lójoojúmọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí máṣíìnì má ju 20 lọ, kí ó sì jẹ́ ìrìnàjò, kì í ṣe ìje. Kí a pín ara wa sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, márùn-ún márùn-ún. Ọdẹ kan tó mọ igbó á wà níwájú, ẹnì kan tó dàgbà díẹ̀ á wà lẹ́yìn pátápátá, kò sí ẹni tó máa kọjá ti iwájú, kò sí ẹni tó máa kù sẹ́yìn. Ọ̀nà ọkọ̀ gẹdú àtijọ́ nìkan la máa gbà. A ò ní ya ọ̀nà tuntun, a ò ní gba inú odò níbi tí afárá wà.

Ẹ̀kẹrin, kí mẹkáníìkì ìlú wa yẹ gbogbo máṣíìnì wò lọ́jọ́ tó ṣáájú. Èyí tó bá ń jo epo tàbí tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ ò pé, kó dúró sílé. Akoto jẹ́ dandan. Ọtí ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, iná kankan ò sì gbọdọ̀ wáyé. Oúnjẹ tí a bá máa jẹ, ilé la ti máa sè é.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má rẹ́rìn-ín o: kí a ṣètò ibi ìgbọ̀nsẹ̀ sí ibi tó jìnnà sí odò. Kí olúkúlùkù sì gbé àpò kan dání tó máa fi kó ọ̀rá piọ́ wọ́tà àti ike rẹ̀ padà. Odò yẹn ni àwọn ìyá wa ń pọn nísàlẹ̀. Èèyàn ò lè máa wá owó omi ẹ̀rọ kó sì máa ba omi odò jẹ́.

Ẹ̀kẹfà ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Kí a tó gun ọ̀nà yẹn rárá, kí ẹ̀ka ọ̀dọ́ lọ fi ọjọ́ Sátidé méjì tún un ṣe. Kí a dí kòtò, kí a la ojú àgbàrá, kí a gé ẹ̀ka igi tó wó sójú ọ̀nà, pẹ̀lú àṣẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó. Kí a ya fọ́tò ọ̀nà náà kí a tó lọ àti lẹ́yìn tí a bá dé, kí a sì gbé méjèèjì síwájú ìpàdé. Bí èyí tó kẹ́yìn bá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, a ò ní tọrọ ẹ̀ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin bàbá wa tó ń bẹ̀rù, ìtàn fi hàn pé ẹ̀rù yín ní ìdí: rọ́bà 1895 tán torí kò sẹ́ni tó ṣọ́ ọ, Barstow tì torí wọ́n pọ̀ jù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ìtàn fi hàn pé ohun tí ẹ fẹ́ ṣe é ṣe: ìlú kékeré kan ṣe é, wọ́n sì ti ń ṣe é fún 70 ọdún. Ṣùgbọ́n wọn ò bá máà lè ṣe é pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe àwọn tó gbé òkúta, tó gbé ìgbẹ́ ara wọn padà délé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. A nílò ìwé àti ẹnu yín níwájú ìjọba, ẹ̀yin náà nílò agbára wa lójú ọ̀nà.

Ìpàdé àpapọ̀ la máa dìbò. Ẹni tó bá wà lókè òkun lè fi èrò rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí ọjọ́ náà tó pé. Bí ìbò bá gbé e, Sátidé àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ ọ̀nà á tẹ̀ lé e. Ẹ mú ọkọ́ àti àdá yín dání; máṣíìnì ò tíì kan ìyẹn. Bí ìbò bá sì dà á nù, ọ̀nà oko ṣì ń fẹ́ àtúnṣe, ẹ̀ka ọ̀dọ́ á sì jáde síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà.

Ìlú wa ò ní bàjẹ́ o.

Alákòóso, Ẹ̀ka Ọ̀dọ́